Ojú Ilẹ̀ Nínú Dúdú àti Funfun

Bí a bá fi àwòrán kan lé àgbàlagbà lọ́wọ́ ní ilẹ̀ Yorùbá, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí yóò jáde ní ẹnu rẹ̀ ni pé, "Ta nìyí?" Kò ní béèrè irú kámẹ́rà tí a fi yà á, bẹ́ẹ̀ ni kò ní béèrè ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti wá. Ènìyàn ni ó ń wá. Bí kò bá sì rí ènìyàn kankan nínú àwòrán náà, yóò yí i síhìn-ín, yóò yí i sọ́hùn-ún, yóò sì dá a padà fún ẹni tí ó ni ín. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀. Láti ìgbà tí iṣẹ́ fọ́tò ti dé ilẹ̀ wa ni a ti sọ ọ́ di iṣẹ́ ìrántí ènìyàn: àwòrán ìgbéyàwó, àwòrán ìsọmọlórúkọ, àwòrán ìwúyè, àti èyí tí a gbé kọ́ ara ògiri pálọ̀ kí ọmọ àti ọmọ-ọmọ lè mọ bí baba ńlá wọn ti rí nígbà ayé rẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Stephen Sprague, tí ó ṣe ìwádìí nípa iṣẹ́ àwọn ayàwòrán ní Ìlá-Ọ̀ràngún tí ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1978, ṣàlàyé bí àwòrán àgbà ti máa ń rí: ẹni tí a ń yà yóò wọ aṣọ tí ó dára jù lọ, yóò jókòó dáadáa, yóò kọ ojú sí kámẹ́rà gan-an, gbogbo ara rẹ̀ láti orí dé ẹsẹ̀ yóò sì hàn. Ó tún kọ nípa àwọn ìbejì. Bí ọ̀kan bá ti lọ, tí a kò sì tíì ya àwọn méjèèjì pọ̀, ayàwòrán yóò tẹ àwòrán èyí tí ó kù ní ẹ̀ẹ̀mejì sí orí bébà kan ṣoṣo, kí ẹnì kan má baà dá dúró níbi tí ó yẹ kí ènìyàn méjì wà.

Èmi tí mo ń kọ ọ̀rọ̀ yìí, olùkọ́ èdè Yorùbá ni mí ní ilé-ẹ̀kọ́ girama. Bí ilé-ẹ̀kọ́ bá ti gba ìsinmi, orí òkè àti inú oko ni mo máa ń gbé kámẹ́rà lọ, fíìmù tí kò mọ àwọ̀ mìíràn ju dúdú àti funfun lọ ni mo sì ń kì sínú rẹ̀. N kì í sábà ya ènìyàn. Ọ̀pọ̀ àwọn ojúgbà mi ni wọ́n ti bi mí léèrè ohun tí olùkọ́ Yorùbá ń wá nínú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Èsì tí mo ní fún wọn kì í ṣe èsì tí a lè sọ tán ní yàrá àwọn olùkọ́ kí agogo tó lù, nítorí náà ni mo ṣe kọ ọ́ síhìn-ín.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ yẹ èdè wa wò. Bí a bá gun orí àpáta, kí ni a ń pe ohun tí ó tẹ́ rẹrẹ níwájú wa? Ojú ilẹ̀ ni. Ojú ọ̀run ni ó bò ó. Ojú omi ń dán ní ìsàlẹ̀, ojú ọ̀nà gba àárín oko kọjá, ojú ọjọ́ sì lè dára tàbí kí ó burú. Ọ̀rọ̀ kan náà tí a ń lò fún ẹ̀yà ara tí ènìyàn fi ń ríran, tí a sì tún ń lò fún ibi tí a fi ń dá a mọ̀ yàtọ̀ sí ẹlòmíràn, òun náà ni a fún ilẹ̀. Onímọ̀ ẹ̀dá-èdè lè wí pé ìtumọ̀ "ojú" níhìn-ín kò ju ìta nǹkan lọ. N kò bá a jiyàn. Ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n ń ṣe ọdún Òkè Ìbàdàn, àwọn tí wọ́n ń bọ Orósùn ní Ìdànrè, àti àwọn Ẹ̀gbá tí wọ́n sá sí abẹ́ Olúmọ ní nǹkan bí ọdún 1830 tí wọ́n sì fi ààbò náà sọ ìlú wọn ní Abẹ́òkúta, kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó ka òkè sí òkúta lásán. Ní ojú tiwọn, òkè ń wo ènìyàn bí ènìyàn ti ń wo òkè. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹni tí ó ń ya ojú ilẹ̀ kò kúrò nínú àṣà àwọn ayàwòrán wa. Àwòrán àgbà ni òun náà ń yà. Ó sì yẹ kí ó ṣe é pẹ̀lú ọ̀wọ̀ tí a fi ń ya àgbà: kí ó kí àwọn tí ó ni ibẹ̀, kí ó tọrọ àyè, kí ó sì sọ kámẹ́rà kalẹ̀ níbi tí wọ́n bá ti ní kí ó má yà.

Ìtàn iṣẹ́ fọ́tò fúnra rẹ̀ ti ọ̀rọ̀ yìí lẹ́yìn. Àwòrán kámẹ́rà tí ó pẹ́ jù lọ tí ó ṣẹ́kù ní ayé, ọmọ ilẹ̀ Faransé kan tí ń jẹ́ Nicéphore Niépce ni ó yà á láti ojú fèrèsé ilé rẹ̀ ní Saint-Loup-de-Varennes, ní nǹkan bí ọdún 1826 tàbí 1827. Òrùlé àti ògiri ni ó wà nínú rẹ̀. Kò sí ènìyàn kankan. Kámẹ́rà náà la ojú sílẹ̀ pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí oòrùn fi ràn sí ara ògiri ní ọ̀tún àti ní òsì nínú àwòrán kan ṣoṣo. Ní 1838, Louis Daguerre ya òpópónà kan tí èrò pọ̀ sí ní ìlú Paris. Kẹ̀kẹ́ ẹṣin ń lọ, ènìyàn ń bọ̀, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí ó hàn nínú wọn, nítorí pé wọn kò dúró tó láti mú nínú àwòrán. Ẹnì kan tí ó dúró kí wọ́n bá a nu bàtà rẹ̀ ni ó hàn gbangba. Ilẹ̀ ni ó kọ́kọ́ jókòó fún kámẹ́rà, nítorí pé òun ni ó ní sùúrù. Ènìyàn tẹ̀lé e nígbà tí òun náà kọ́ láti dúró.

Ọ̀rọ̀ àwọ̀ ni ó kàn. Gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ni ó mọ̀ pé mẹ́ta ni ìpìlẹ̀ àwọ̀ nínú èdè Yorùbá: dúdú, funfun àti pupa. Aṣọ tí a rẹ sínú aró, dúdú ni. Ewé tí ó gbó, dúdú ni. Epo, pupa ni. Yangí ojú ọ̀nà, pupa ni. Ènìyàn tí awọ ara rẹ̀ mọ́lẹ̀, pupa ni a ń pè é. Àwọn tí a ń pè ní àwọ̀ ewé, àwọ̀ ojú ọ̀run àti àwọ̀ eérú, ara ohun tí a ń fojú rí ni a ti yá orúkọ wọn. Àwọn kan rò pé àìtó ni èyí jẹ́ fún èdè wa. Wọn kò ka àwọn ọ̀rọ̀ tí ń tẹ̀lé àwọ̀ kún. Ohun kan lè dúdú kirikiri, òmíràn lè dúdú mìnìjọ̀, òmíràn lè dúdú bí kóró iṣin. Ohun kan lè funfun báláú, òmíràn lè funfun kinniwin. Bí ẹ̀jẹ̀ ti pupa fòò, bẹ́ẹ̀ ni páànù tí ó dípẹtà pupa rúsúrúsú. Èdè tí ó ní gbogbo ìwọ̀nyí kò ṣe aláìní. Orúkọ àwọ̀ kọ́ ni ó ń kó jọ. Bí ìmọ́lẹ̀ ti ń wọ ara nǹkan, bí ó ti ń dán àti bí ó ti ń ṣú, ni ó ń ṣọ́. Iṣẹ́ kan náà sì ni fíìmù dúdú àti funfun ń ṣe.

Àmọ́ fíìmù yìí gba méjì nínú àwọ̀ wa mẹ́ta, ó sì kọ ìkẹta. Níbo ni pupa ń lọ? Ìbéèrè yìí ni ìdí ọ̀rọ̀ gan-an, ẹni tí ó bá sì rí ìdáhùn rẹ̀ ti kọ́ ìdajì iṣẹ́ náà. Ohun èlò tí àwọn ayàwòrán ayé àtijọ́ ń lò kò rí pupa rárá. Ohun gbogbo tí ó bá pupa, dúdú ni ó ń yọ. Ojú ọ̀run tí ó mọ́ kedere a sì funfun bí ẹni pé kò sí nǹkan níbẹ̀. Títí di òní, irú bébà tí ọ̀pọ̀ ayàwòrán fi ń tẹ àwòrán dúdú àti funfun kò mọ pupa. Ìdí nìyí tí a fi lè tan iná pupa nínú yàrá òkùnkùn, kí a máa fi í ríran, kí bébà náà sì máa sùn lọ ní tirẹ̀. Fíìmù tí a ń lò nísinsìnyí yàtọ̀. Ó ń rí pupa, ṣùgbọ́n kò ní ibi tí yóò fi í sí ju àárín dúdú àti funfun lọ.

Ayàwòrán àgbà kan ní Abẹ́òkúta, tí ó ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún, ni ó là mí lóye. Mo bi í pé, "Bàbá, kí ni ó ń ṣẹlẹ̀ sí pupa?" Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Tíṣà, pupa kò lọ síbì kankan. Ìwọ ni yóò sọ ibi tí yóò jókòó sí." Ó ṣí àpótí kékeré kan, ó kó àwọn dígí pẹlẹbẹ jáde, ọ̀kan jẹ́ àwọ̀ ìyeyè, ọ̀kan àwọ̀ ọsàn tí ó pọ́n, ọ̀kan pupa fòò. Òfin tí ó kọ́ mi rọrùn: dígí aláwọ̀ tí a bá fi bo ojú kámẹ́rà yóò jẹ́ kí ohun tí ó bá a jọra ní àwọ̀ mọ́lẹ̀ sí i, yóò sì jẹ́ kí ohun tí ó yàtọ̀ sí i pátápátá ṣú sí i.

Ẹ gun orí Olúmọ lọ ní ọjọ́ tí òjò ti fọ ojú ọ̀run mọ́, kí ẹ sì wo àwọn òrùlé páànù Abẹ́òkúta tí wọ́n ti dípẹtà, ọgọ́ọ̀rọ̀ wọn, tí wọ́n fi èjìká kan ara wọn lọ dé ibi tí ojú kò tó mọ́. Bí ẹ bá yà wọ́n láìfi dígí kankan bo kámẹ́rà, òrùlé àti ọ̀run yóò sún mọ́ ara wọn nínú eérú, ìlú náà yóò sì dà bí aṣọ tí ó ti ṣá. Bí ẹ bá fi dígí pupa bò ó, àwọn òrùlé yóò mọ́lẹ̀, ọ̀run yóò ṣú dẹ̀dẹ̀ lẹ́yìn wọn, àwọn igi tí ó wà láàárín ilé yóò sì di dúdú. Ọ̀nà yangí tí ó pupa yóò funfun bí aṣọ àlà. Ìlú kan náà ni, wákàtí kan náà ni, fíìmù kan náà sì ni. Ayàwòrán ni ó pinnu bóyá pupa yóò bá dúdú gbé tàbí yóò bá funfun gbé. Nítorí náà, ẹni tí ó bá wí pé àwòrán dúdú àti funfun kàn ń sọ òtítọ́ bí ó ti rí, kò tíì bá a ṣiṣẹ́ rí. Jíjọra ni ó ń wá, bí agbẹ́gilére ti ń wá a: kí ère jọ ènìyàn tó, kí ó má sì jọ ọ́ jù.

Bí a bá ti mọ ibi tí pupa yóò jókòó sí, ó ku kí a mọ ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ tí a ó jẹ́ kí fíìmù mu. Kámẹ́rà ní ọmọlójú, ó sì ní ìpéǹpéjú, bí ojú ènìyàn. Ọmọlójú ni ihò tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé. Òǹkà rẹ̀ ń lọ báyìí: 2.8, 4, 5.6, 8, 11, 16, 22. Bí òǹkà ti ń pọ̀ sí i ni ihò ń kéré sí i, ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan sì ń gé ìmọ́lẹ̀ sí ìdajì. Ìpéǹpéjú ni ó ń sọ bí yóò ti pẹ́ tó kí ojú náà tó padé: ìdá 15 ìṣẹ́jú àáyá kan, ìdá 30, ìdá 60, ìdá 125. Ní ọ̀sán tí oòrùn mú ganrínganrín, ẹni tí ó bá kì fíìmù 100 sí kámẹ́rà yóò fi ọmọlójú sí 16, yóò sì fi ìpéǹpéjú sí ìdá 125. Kò nílò ẹ̀rọ kankan láti sọ èyí fún un. Bí ó bá wá fi dígí pupa bo ojú kámẹ́rà, dígí náà yóò jẹ ìṣísẹ̀ mẹ́ta nínú ìmọ́lẹ̀. Ó lè la ọmọlójú sí 5.6, tàbí kí ó fi ọmọlójú sílẹ̀ ní 16 kí ó sì fi ìpéǹpéjú sí ìdá 15. Ẹni tí ó ń ya ojú ilẹ̀ sábà máa ń yan èkejì, nítorí pé ọmọlójú tí ó kéré ni ó ń jẹ́ kí koríko ẹsẹ̀ wa àti òkè ọ̀nà jíjìn hàn kedere pọ̀. Àmọ́ ọwọ́ ènìyàn kò lè dúró jẹ́ẹ́ tó ìdá 15, ó di dandan kí ó gbé kámẹ́rà lé orí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta.

Ẹ̀rọ wà tí ń wọn ìmọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ó yẹ kí a mọ ìwà rẹ̀. Kò mọ funfun, kò mọ dúdú. Eérú nìkan ni ó mọ̀. Ohun yòówù tí a bá kọ ọ́ sí, yóò rò pé eérú ni, yóò sì sọ òǹkà tí yóò sọ ọ́ di eérú. Bí a bá kọ ọ́ sí ojú ọ̀run ọyẹ́ tí ó funfun, yóò sọ ọ̀run di eérú, gbogbo ilẹ̀ tí ó wà ní ìsàlẹ̀ yóò sì dúdú kirikiri. Bí a bá kọ ọ́ sí ara epo ìrókò tí ó wà lábẹ́ òjìji, yóò fẹ́ sọ òjìji náà di eérú. Ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà kan, Ansel Adams (1902–1984), pẹ̀lú ẹnì kejì rẹ̀ Fred Archer, ni wọ́n rí ọgbọ́n sí èyí ní nǹkan bí ọdún 1940. Wọ́n pín ọ̀nà láti dúdú dé funfun sí ìpele mọ́kànlá, láti 0 dé 10. Nígbà tí mo kọ́kọ́ kà nípa rẹ̀, èdè wa ni mo fi tú u. 0 ni dúdú kirikiri, níbi tí a kò rí nǹkan kan. 3 ni dúdú tí a ṣì ń rí ìlà ara epo igi nínú rẹ̀. 5 ni eérú. 7 ni funfun tí òwú aṣọ ṣì hàn nínú rẹ̀. 10 ni funfun báláú, bébà òfìfo. Bí ẹ̀rọ bá wí pé ìdá 30 ni ó tọ́ sí epo ìrókò, èmi mọ̀ pé n kò fẹ́ kí ó wà ní 5. Ìpele 3 ni ààyè rẹ̀. Nítorí náà n ó gé ìṣísẹ̀ méjì kúrò, n ó sì lo ìdá 125. Òjìji ni a fi ìmọ́lẹ̀ bọ́. Funfun ni a ó fi ìṣẹ́jú tí a ó lò nígbà tí a bá ń fọ fíìmù bá wí.

Ìmọ̀ yìí kì í ṣe ti inú ìwé nìkan. Ní 1941, Adams ń wakọ̀ lọ ní ẹ̀bá abúlé Hernandez ní ìpínlẹ̀ New Mexico nígbà tí ó rí i tí òṣùpá yọ lókè abúlé náà, tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ sì kan àwọn àgbélébùú funfun inú itẹ́ òkú. Ó dúró kíákíá, ó to kámẹ́rà, ṣùgbọ́n kò rí ẹ̀rọ òṣùwọ̀n ìmọ́lẹ̀ rẹ̀. Ó rántí pé òun mọ ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ òṣùpá lórí, ó fi ṣe ìṣirò níbẹ̀, ó sì ya ẹyọ kan. Kí ó tó lè ya èkejì, oòrùn ti kúrò lára àwọn àgbélébùú náà. Ọ̀run tí ó dúdú kirikiri nínú àwọn ẹ̀dà tí ó tẹ̀ lẹ́yìn-ọ-rẹyìn, yàrá òkùnkùn ni ó ti sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó ti kọ́ òwe sórí kò ní dúró wá ìwé nígbà tí ọ̀rọ̀ bá dé.

Ìtò àwòrán ni ó gba ọgbọ́n jù lọ, òun sì ni òǹkà kò lè ràn wá lọ́wọ́ lé lórí. Agbẹ́gilére kì í ti ìbẹ̀rẹ̀ fín ìlà ilà ojú. Ọnà lílé ni ó kọ́kọ́ ń ṣe: yóò fi àáké sọ igi di orí, ọrùn, ara àti ẹsẹ̀, lẹ́yìn náà ni yóò tó dé orí dídán àti fífín. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ayàwòrán ilẹ̀ ṣe gbọ́dọ̀ wo àwọn ńláńlá kí ó tó wo ewé. Èló ni ọ̀run yóò gbà nínú àwòrán, èló ni ilẹ̀ yóò gbà? Kí ni ó wà nítòsí, kí ni ó wà láàárín, kí ni ó wà lọ́nà jíjìn? Ibo ni ojú yóò gbà wọlé, ibo ni yóò sì simi sí? Kí ni a ó yọ kúrò? Ìbéèrè ìkẹyìn yìí ni ó le jù, nítorí pé ẹni tí ó ń ya àwòrán kò lè gé igi tí kò wù ú. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni yóò fi gbé e kúrò, nípa rírìn síwájú tàbí sẹ́yìn títí igi náà yóò fi bọ́ sí ẹ̀yìn òmíràn.

Oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2021 ni mo gbé kámẹ́rà lọ sí oko tí bàbá mi fi sílẹ̀ ní abúlé wa. Fíìmù kan péré ni mo mú lọ, èyí tí ó lè ya àwòrán 36. Mo mọ̀ pé n kò ní rí ibẹ̀ bí ó ti rí mọ́. Àwọn àgbà ẹbí ti fọwọ́ sí i pé kí wọ́n fi àpáta ẹ̀yìn oko àti ilẹ̀ tí ó yí i ká fún àwọn tí ń fọ́ òkúta. Owó ti wọlé, ìwé ti jáde. N kò ní àṣẹ láti sọ pé kí wọ́n má ṣe é, bàbá mi tí ì bá sọ ọ́ sì ti sùn.

Mo dé oko kí oòrùn tó yọ. Ebè tuntun ni ó tò lọ ní ìlà láti ẹsẹ̀ mi dé ìdí ìrókò, àpáta sì dúró lẹ́yìn ìrókò bí àgbà tí ó kó agbádá jọ sí itan. Ọyẹ́ ti gbé eruku aṣálẹ̀ wá. Dígí pupa lè la kùrukùru aláwọ̀ aró tí ó máa ń bo òkè ọ̀nà jíjìn, ṣùgbọ́n kò rí eruku ọyẹ́ ṣe. N kò sì bá a jà. Eruku náà ni ó ń jẹ́ kí a mọ̀ pé ohun kan jìnnà sí ohun kejì: ebè dúdú níwájú, ìrókò jẹ́ eérú tí ó ṣú, àpáta jẹ́ eérú tí ó mọ́, ọ̀run sì funfun lẹ́yìn gbogbo wọn. Nígbà tí oòrùn yọ láti ẹ̀gbẹ́ tí ó sì rọra tẹ̀ sórí ilẹ̀, ebè kọ̀ọ̀kan pín sí méjì, ìdajì funfun, ìdajì dúdú, ipa ọkọ́ sì hàn lára wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ní ọ̀sán gangan, ebè kan náà kì bá tí ju amọ̀ tí a kó jọ lọ. Mo rẹ ara sílẹ̀ títí ìlà àwọn ebè fi gba àárín àwòrán lọ dé ìdí igi. Mo wọn òjìji ìdí ìrókò, mo gé ìṣísẹ̀ méjì, mo sì yà á.

Nígbà tí mo fọ fíìmù náà tán tí mo sì tẹ̀ ẹ́, mo gbé ẹ̀dà kan lọ fún ìyá mi. Ó béèrè ohun tí gbogbo àgbà ń béèrè. Ó ní, "Ta ni ó wà níbẹ̀?" Mo ní, "Kò sí ẹnì kankan níbẹ̀, màmá." Ó mú awò ojú rẹ̀, ó gbé àwòrán náà súnmọ́ fèrèsé, ó sì dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà ni ó fi ìka kan ebè tí ó wà níwájú. Ó ní, "Àkànní ni ó kọ ebè yìí. Bàbá rẹ kì í kọ ebè báyìí. Tirẹ̀ máa ń ga, ó sì máa ń fẹ̀ ní ìdí, nítorí pé iṣu gbọọrọ ni ó ń gbìn. Àbúrò rẹ̀ ni ó máa ń kọ kéékèèké báyìí, tí yóò sì kó wọn súnmọ́ ara wọn." Ó tọ ipa ọ̀nà tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó gba ẹ̀gbẹ́ ebè kọjá pẹ̀lú ìka rẹ̀. Ó ní, "Ẹsẹ̀ wa ni ó la èyí. Ibí ni mo máa ń gbà gbé oúnjẹ lọ fún wọn." Ó wò mí. "O ní kò sí ẹnì kankan níbẹ̀?"

Ó ní kí n gbé e kọ́ pálọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ àwòrán bàbá mi, mo sì gbé e kọ́. Kò sí ìwé tí mo kà nípa ìtò àwòrán tí ó kọ́ mi tó ọ̀rọ̀ ìyá mi yẹn. Ilẹ̀ tí ènìyàn ti gbé kò lè ṣófo. Ọwọ́ ẹni tí ó ro ó wà lára rẹ̀, ẹsẹ̀ ẹni tí ó rìn ín wà lára rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ tí ó bá ti ẹ̀gbẹ́ wá ni yóò sì fi wọ́n hàn ẹni tí ó bá mọ̀ ọ́n wò.

Lónìí, àpáta náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ọkọ̀ akóòkúta ti sọ ìlà ebè di ojú ọ̀nà, wọ́n sì ti gé ìrókò. Kí ẹnikẹ́ni má rò pé mo ń sọ pé àwòrán ti gba oko padà. Àwòrán kì í dá oko padà. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn ọmọ ẹbí bá jókòó láti sọ ibi tí oko ẹnì kọ̀ọ̀kan ti bẹ̀rẹ̀ rí, àwòrán ìyá mi ni wọ́n ń gbé kalẹ̀ láti ara ògiri, àwọn àgbà sì máa ń fi ìka tọ́ka sí i bí ẹni ń tọ́ka sí ojú ènìyàn.

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ̀kọ́ kan wà nínú èyí fún àwa tí a ń kọ́ àwọn ọmọ ní àròkọ aṣàpèjúwe. Ẹ wo ohun tí àwọn tí ń múra ìdánwò àṣekágbá máa ń kọ bí a bá ní kí wọ́n ṣàpèjúwe ìlú wọn: "Ìlú mi dára púpọ̀. Ó lẹ́wà gan-an. Igi pọ̀ níbẹ̀." Gbólóhùn mẹ́ta ti lọ, a kò sì tíì rí nǹkan kan. Wọ́n kọ ọ́ bí ẹ̀rọ òṣùwọ̀n ìmọ́lẹ̀ ṣe ń wo ayé: eérú ni ohun gbogbo. Ní kíláàsì mi, mo máa ń gé ihò onígun mẹ́rin sí àárín páálí, n ó sì ní kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan gbé e sí ojú kí ó sì wo ìta. N ó ní kí ó sọ ohun mẹ́ta: ohun tí ó wà nítòsí, ohun tí ó wà láàárín, ohun tí ó wà lọ́nà jíjìn. N ó ní kí ó sọ ibi tí oòrùn ti ń wá. N ó ní kí ó sọ ohun tí ó dúdú jù àti ohun tí ó funfun jù nínú ihò náà, kí ó sì fi ọ̀rọ̀ tí ó yẹ tì í lẹ́yìn, kirikiri ni àbí mìnìjọ̀, báláú ni àbí kinniwin. Lẹ́yìn náà ni n ó wá béèrè ipa ọwọ́ ẹni tí ó wà níbẹ̀. Mo ti fòfin de "dára" àti "lẹ́wà" títí àròkọ yóò fi parí.

Ọmọbìnrin kan nínú kíláàsì kejì àgbà kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ ní sáà tí ó kọjá pé ẹ̀yìn ilé ìdáná ìyá òun dúdú kirikiri ní ẹ̀gbẹ́ ògiri, ṣùgbọ́n ojú àdògán funfun kinniwin nítorí eérú, àti pé àárín méjèèjì ni àga ìyá òun wà, ó ti dán níbi tí ìyá náà ń jókòó sí. Kò sọ pé ìyá òun dára. Kò sọ pé ìyá òun ń ṣiṣẹ́ kára. Mo kọ máàkì sí i, mo sì kà á fún kíláàsì lẹ́ẹ̀mejì.

Kò di dandan kí olùkọ́ ní kámẹ́rà. Fóònù alágbèéká tí ó wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ lè sọ àwòrán aláwọ̀ di dúdú àti funfun lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, páálí tí a gé ihò sí kò sì tó owó kan. Ohun tí ó ṣe pàtàkì ni kí ọmọ dúró, kí ó wò, kí ó sì yàn. Ìmọ́lẹ̀ òwúrọ̀ kì í pẹ́ lórí ebè.